Ọkọ̀ tí Awọnlẹ̀ Fi Sílẹ̀

Obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Akọ̀wé nígbà tí Awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbójú sókè wò ó. Ó ti bá oníbàárà mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ohùn ti fẹ́ há a lọ́fun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pe àwọn tí wáráńtì ọkọ̀ wọn fẹ́ parí, kí ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n ra àfikún. Wọ́n á sanwó sílẹ̀, tí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta sí i, ilé iṣẹ́ á bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá onígíláàsì kékeré kan ni wọ́n fún un, lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí àwọn ọkọ̀ tuntun ti ń dán. Kò sígbà tí ẹ ò ní bá bíírò lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é ní Akọ̀wé.

Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń ta ọkọ̀ níbẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí, ló jókòó sí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba owó. Láti ìgbà tí ìyá Akọ̀wé ti kú ni àwọn méjèèjì yìí ti jọ ń tọ́ ọ. Bàbá ló ń bá a wí, Àǹtí ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọkùnrin tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ga débi pé orúnkún rẹ̀ kan tábìlì nígbà tó jókòó. Eruku pupa wà lára bàtà rẹ̀. Ó fa lẹ́tà kan tó ti ká sí mẹ́rin yọ nínú àpò àyà.

"Wọ́n ní kí n wá rí yín nípa ìwé yìí," ló wí. "Ọkọ̀ mi ti pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní lópin oṣù yìí, kálukú á máa ṣe tirẹ̀."

"Tí ẹ bá ra àfikún, sà, ọdún mẹ́ta mìíràn la tún máa fi bá yín gbé e."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibi tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ yìí. Awọnlẹ̀ ni mí. Mo lè rí òpó tó wà ní òdìkejì odò, ṣùgbọ́n mi ò rí lẹ́tà yìí."

Kò sẹ́ni tó ní kó kà á rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Wáráńtì náà ò kan táyà, kò kan bátìrì, kò kan bíréèkì, kò kan ohunkóhun tí lílò bá jẹ tán. Bí ọlọ́kọ̀ bá sì gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwé àdéhùn ti di òfo. Bó ṣe ń kà á ni òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́.

"Kí ló wá kù tí ẹ máa tún ṣe?" ni Awọnlẹ̀ bi í.

"Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì."

"Ṣé wọ́n máa ń bàjẹ́?"

"Nínú irú ọkọ̀ yín, kò wọ́pọ̀."

Ọkùnrin náà fi ìka kan lẹ́tà náà. "Ká ní ẹ̀gbọ́n yín ló ni ọkọ̀ yìí, kí lẹ máa sọ fún un?"

Akọ̀wé wo ìta gba inú gíláàsì. Bàbá rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tuntun kan fún tọkọtìyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Màá ní kó má rà á," ló dáhùn nígbẹ̀yìn. "Màá ní kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kó máa tọ́jú owó yẹn síbì kan. Ọkọ̀ yẹn á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Awọnlẹ̀ ká lẹ́tà rẹ̀ padà sí mẹ́rin. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ọ́ìlì yẹn, ibo ni mo ti máa pààrọ̀ rẹ̀?"

"Ibikíbi tó bá wù yín, sà. Tiwa níbí wọ́n."

"Mo gbọ́," ló wí. "Níbí ni màá ti máa pààrọ̀ rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ bi í léèrè. Ìyá Mi ló máa ń pè é, nítorí ó jọ ìyá tó bí òun bí ìgbà tí wọ́n pọ̀ ọ́ jáde lẹ́nu. "Ìyá Mi, ọkùnrin gíga yẹn rà á?"

"Kò rà á, bàbá. Mo ní kó má rà á."

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo. "Ẹni tó ń ta agboòrùn kì í sọ fún oníbàárà pé òjò ò ní rọ̀," ló sọ. "Bóyá òótọ́ lo sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni Ọlọ́run. O ò mọ ọjọ́ tí ohun tí kì í bàjẹ́ máa bàjẹ́."

Oṣù mẹ́fà pé, Awọnlẹ̀ dé. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì tó wà níwájú yàrá onígíláàsì, ó ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀, Akọ̀wé náà sì ń kọ ohun tí kò lè kà. Nígbà tí Akọ̀wé jáde lọ bu omi mu, ó kí Awọnlẹ̀. Ó kí i padà. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ́ìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́rin ló fi padà wá, kì í ṣe mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, méjì.

"Irú ọkọ̀ wo nìyí?" ni Àǹtí wí lọ́jọ́ kan, bó ti ń ka ṣéńjì fún Awọnlẹ̀ lójú fèrèsé. "Ṣé ìwọ lò ń mu ọ́ìlì yìí ni?"

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, baba àgbà kan tó ti tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé gíláàsì síbẹ̀, sọ fún Akọ̀wé pé ọ́ìlì tí òun ń fà jáde nínú ọkọ̀ yẹn mọ́ débi pé ó ń ṣe òun láàánú láti dà á nù. Akọ̀wé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ọjọ́ Tọ́sìdè ni ọkùnrin náà máa ń wá, ó sì ti ń wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù ní gbogbo Tọ́sìdè, bó wá, bí kò wá. Tọ́sìdè tí kò bá wá, tó bá délé, ó máa ń bọ́ aṣọ náà bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí odò lẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn. Ìgbà wo ni "ẹ" di "o" lẹ́nu Akọ̀wé, ọ̀kankan nínú wọn ò lè sọ. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń bínú sí i pé ó pẹ́, ó ní, "Níbo lo wà?" Àwọn méjèèjì ń wo omi, kò sì dá a padà mọ́.

Ọdún méjì lọ báyìí láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì Akọ̀wé. Awọnlẹ̀ ò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, Akọ̀wé náà ò sì bi í. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó bá ti dára, èèyàn kì í tú u wò.

Nígbà tó yá, wọ́n pe Awọnlẹ̀ sí iṣẹ́ kan níbi tó jìnnà, odindi ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n fẹ́ la ojú irin tuntun gba àárín àwọn òkè, ọdún méjì ni wọ́n sì fẹ́ kí ó fi wọn ilẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ ní ọkọ̀ tiwọn tó ń gun òkè. Ọkọ̀ tirẹ̀ ò lè lọ.

Ó gbé e wá sí àgbàlá ilé Àǹtí lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Akọ̀wé lọ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ náà.

"Bá mi máa tàn án," ló wí. "Ní Sátidé, wà á dé etí odò, kó má gbàgbé ìrìn."

"Màá wà á."

Ó dúró. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó tún pa dé. Akọ̀wé dúró de ọ̀rọ̀ náà títí ọrùn fi ń ro ó, nítorí ọkùnrin yẹn ga.

"Ọdún méjì kì í ṣe títí láé," ni Awọnlẹ̀ sọ.

"Rárá," ni Akọ̀wé dáhùn.

Àbí kí ni kó sọ?

Sátidé àkọ́kọ́ tó wọ inú ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Awọnlẹ̀ ti fa àga awakọ̀ sẹ́yìn dé òpin nítorí ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ àga tí ẹ máa tẹ̀, tí àga á sì sún síwájú. Akọ̀wé mọ irin náà, ọkọ̀ ni wọ́n ń tà nílé wọn. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé lọ mú tìmùtìmù méjì nínú pálọ̀ Àǹtí, ó fi há ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sí etí odò bẹ́ẹ̀, bí ọmọdé tó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣí fèrèsé. Òórùn Awọnlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọṣẹ àti eruku àti igi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Nígbà tí ooru mú, tó di dandan kó ṣí fèrèsé, ó ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀nà nínú dígí ẹ̀yìn bí ẹni tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́rin ọ̀sán Sọ́ńdè ni Awọnlẹ̀ máa ń pè é. "A gún òpó mọ́kànlélógún lọ́sẹ̀ yìí," á sọ báyìí. Tàbí, "Òjò wó ibi tí a wọ̀n." Akọ̀wé á sọ fún un pé ọkọ̀ ń ṣe dáadáa. Wọ́n á jọ dákẹ́, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ lọ́dọ̀ Awọnlẹ̀. Lẹ́yìn tí Awọnlẹ̀ bá ti pa fóònù, Akọ̀wé á ṣì gbé tirẹ̀ sétí fúngbà díẹ̀.

Bàbá ń wo gbogbo èyí. Kì í ṣe ìkà èèyàn, ẹ má ṣì í mú. Ìbẹ̀rù ló ń bà á, ó sì pe ìbẹ̀rù náà ní ọgbọ́n.

"Mi ò kórìíra Awọnlẹ̀," ló sọ fún un lórí oúnjẹ àárọ̀. "Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ọ́ lọ, mo gbà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ní kí o dúró de òun, ìwé wo ló fún ọ? Kí ni ìlérí rẹ̀ kàn, kí ni kò kàn? Ọdún mélòó ni? Ọmọ mi, ìwọ lò ń ka irú ìwé yìí fáwọn èèyàn."

"Kò ní kí n dúró, bàbá."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Bí ó ṣe mú Apòògùn wá sílé nìyẹn. Apòògùn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn méjì, ó mọ̀wàáhù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pariwo. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pààrọ̀ ọkọ̀, lọ́dọ̀ bàbá Akọ̀wé sì ni gbogbo ìgbà.

"Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu ni mo ti máa ń fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́," ló ṣàlàyé fún Akọ̀wé. "Mi ò mọ ojú mẹkáníìkì kankan."

"Ṣé àárò wọn kì í sọ yín?"

"Àárò ta ni?"

"Àwọn ọkọ̀ yín."

Apòògùn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín èèyàn rere. "Ọkọ̀ mà ni wọ́n," ló wí. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Oṣù kẹwàá tí Awọnlẹ̀ ti lọ ni nǹkan bàjẹ́. Sátidé ni, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kúrò létí odò. Ọkọ̀ náà kérora lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n táyà ò yí mọ́. Ọ̀gá Mẹkáníìkì wá wọ́ ọ lọ. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ títí, nígbà tó sì jáde, kò kọ́kọ́ wo ojú Akọ̀wé.

"Gíábọ́ọ̀sì ti lọ," ló sọ. "Iye tó máa tún un ṣe ju iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń pa lọ. Tí ẹlòmíràn bá tún un ṣe, màá ní orí rẹ̀ dàrú. Ìwọ, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Akọ̀wé ṣí fáìlì Awọnlẹ̀. Bàbá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ kó tó mọ̀. Àwọn méjèèjì jọ ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ká ní Awọnlẹ̀ ra àfikún yẹn ni, oṣù méjì ṣì kù kó parí. Wọn ì bá ti gbé gíábọ́ọ̀sì tuntun sí i láì gba kọ́bọ̀. Bàbá ò sọ pé "mo ti sọ fún ọ." Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì jáde. Ì bá sàn fún un ká ní ó bá a wí.

Sọ́ńdè mẹ́ta kọjá tí kò lè sọ fún Awọnlẹ̀. "Ọkọ̀ ńkọ́?" "Ó wà." Irọ́ kọ́ lóòótọ́. Lóru, ó ń ro ó pé ohun kan ṣoṣo tí òun fún ọkùnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn ọ̀hún ló sì dà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló yẹ̀, kí ló kù nínú ilé?

Ní Sọ́ńdè kẹrin, ó tú gbogbo rẹ̀ síta láì mí. Gíábọ́ọ̀sì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, oṣù méjì tó kù. "Èmi ni mo ní kí o má rà á," ló fi parí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́hùn-ún. "Tà á," ni Awọnlẹ̀ sọ.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí o tà á. Ọkọ̀ ni. Má da ara rẹ..." Fóònù já.

Tà á. Ọ̀rọ̀ kan péré. Akọ̀wé gbé e káàkiri fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ tí ọkùnrin yìí ti tọ́jú fún ọdún mẹ́jọ, tó ń fọ eruku kúrò létí rẹ̀ bí ẹní ń fọ ojú ọmọ. Ọjọ́ tó bàjẹ́, ó ní kí wọ́n tà á. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ọjọ́ tí èmi náà bá bàjẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ tí mo bá ṣàìsàn, tí mo bá dàgbà, tí mo bá ṣàṣìṣe? Nígbà tí fóònù dún ní aago mẹ́rin Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wò ó títí ó fi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀yìn rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó máa ń ra ọkọ̀ láti tú u tà wá sí àgbàlá lọ́jọ́ kan Túsìdè. Akọ̀wé ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kó èèkàn àti okùn ìwọnlẹ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀tù, ó kó kùkùté pẹ́ńsù mẹ́rin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó sórí àga awakọ̀ láìsí tìmùtìmù. Ó nawọ́ sábẹ́ àga, ó tẹ irin náà. Àga sún síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan bíréèkì geere, bí ẹni pé fún un ni wọ́n ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé e. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ yẹn lọ dúró sẹ́yìn ògiri, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ó sọ fún bàbá pé Apòògùn lè wá ní Sọ́ńdè.

Apòògùn wá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí wà nínú yàrá kejì, fóònù Akọ̀wé sì wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ní kó bá òun mú un. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Apòògùn dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín.

"Aago mẹ́rin ni ẹni yẹn máa ń pè, àbí?" ló bi í jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti wá síbí, ẹ ò sì jẹ́ kí n wá ní Sọ́ńdè rí. Lónìí, láti ìgbà tí aago mẹ́rin ti ń sún mọ́, ẹ ti kúrò nínú yàrá yìí láì dìde lórí àga." Ó gbé fìlà rẹ̀. "Bàbá yín á bínú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́." Ó sì lọ. Mo sọ fún yín pé èèyàn rere ni.

Fóònù ti ń dún nínú yàrá. Àǹtí ló gbé e.

"Èmi ni Àǹtí, tó ń gba owó ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ. Kí lò ń wá gan-an, Awọnlẹ̀?"

"Ọmọ yín ni mò ń wá, mà."

"Láti ọdún mẹ́ta. Ṣé o ti sọ fún un?"

"Mo rò pé ó mọ̀, mà."

"Ohun tí o sọ ló mọ̀. O ní kó tà á."

"Mo ní kó tà á nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mà. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí nǹkan mi. Mo fẹ́ kí ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Mi ò ro ti ọkọ̀ rárá."

"Ọ̀rọ̀ inú fóònù, ìdajì rẹ̀ ní í délé. Kí ló dé tí o ò ṣe sọ̀rọ̀ kí o tó lọ?"

"Ọkọ̀ tuntun ni bàbá rẹ̀ ń tà, mà. Mo rò pé wọ́n á wò mí bí àlòkù."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Àlòkù náà ń rí ẹni rà á," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí wọ́n á ti rí i. Wá."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀, Akọ̀wé gbójú sókè nínú yàrá onígíláàsì rẹ̀, ó rí Awọnlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, níwájú tábìlì bàbá. Ó ti rù. Òòrùn ti sọ ojú rẹ̀ dúdú sí i. Akọ̀wé wà lẹ́yìn gíláàsì. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ètè ló ń rí, ṣùgbọ́n fèrèsé owó ò jìnnà síbẹ̀, Àǹtí sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan sílẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ lo wá rà?" ni bàbá bi í.

"Rárá, sà."

"Ọmọ mi ṣì ọ́ lọ́nà lórí ti wáráńtì yẹn."

"Kò ṣì mí lọ́nà, sà. Ohun tó mọ̀ ló sọ fún mi, ó sì mọ̀ pé ẹ máa bá òun wí. Tí n bá tún bi í lọ́la, ohun tó bá sọ ni màá ṣe."

Bàbá yí bíírò ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Kí ló mú ọ tọ́jú ọkọ̀ kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Níbẹ̀rẹ̀, sà, mi ò ní owó òmíràn. Nígbà tó yá, ó ti mọ́ mi lára."

"Ọmọ mi náà á mọ́ ọ lára nìyẹn."

"Ọdún mẹ́ta rèé, sà, kò tíì mọ́ mi lára. Láti Sọ́ńdè tí kò ti gbé fóònù, mi ò gún òpó kan tó dúró ṣánṣán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní kí n lọ tún wọn wọ̀n." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, sà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí n tó lọ. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Bàbá, tó ti ń sọ̀rọ̀ fún àwọn oníbàárà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi kọ́ lo máa fẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn, ó sì nàka sí yàrá onígíláàsì. "Lọ sọ fún un."

Nígbà tí Awọnlẹ̀ wọlé, Akọ̀wé ò dìde. Ó kó ìwé tó wà lórí tábìlì jọ.

"Mo ti tà á," ló wí.

"Mo gbọ́."

"O ní kí n tà á."

"Mo ní kí o tà á. Mi ò ní kí o má gbé fóònù mọ́."

Awọnlẹ̀ sọ ọ́ níkẹyìn, ó sọ ọ́ ní òdindi, láì fi òpó tàbí òjò bò ó. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ ìyàwó òun. Ó ní ọdún kan ṣì kù níbi iṣẹ́ yẹn, òun ò sì ní sọ fún un pé kó dúró.

"Àbí o tún fẹ́ kí n bá ọ tọ́jú nǹkan kan?" ni Akọ̀wé bi í. Inú ṣì ń bí i díẹ̀.

"Rárá. Mo fẹ́ kí o wá bá mi gbé níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó."

Ó ronú kan bàbá, kan tábìlì yìí, kan gbogbo Tọ́sìdè tó ti kọjá. "Mi ò ní dá ọ lóhùn níbí," ló sọ. "Màá kọ́kọ́ rí ibẹ̀."

Bàbá gbà, ó ní kó gba Mọ́ńdè àti Túsìdè sí ìsinmi, Àǹtí ló sì máa tẹ̀ lé wọn lọ. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán tó ń rin òru mọ́jú ni wọ́n wọ̀. Àǹtí gba àga tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì sùn kí wọ́n tó kúrò nígboro.

Ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ò ju ilé onípákó mẹ́wàá lọ ní ìsàlẹ̀ òkè kan. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn wo Akọ̀wé láti òkè délẹ̀ nígbà tó gbé tíì fún un ní Sọ́ńdè.

"Ìwọ nìyẹn," ló wí. "Ìwọ ló ń gun òkè yẹn fún."

"Òkè wo, mà?"

"Ṣé kò sọ fún ọ? Fóònù kì í dún níbí. Orí òkè yẹn nìkan ló ti ń dún. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni láti gùn ún. Sọ́ńdè-Sọ́ńdè ló ń lọ, òjò ìbáà máa rọ̀. Àwọn tó kù máa ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sígboro láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ibà mú un, a dì í mú, ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Akọ̀wé wo Awọnlẹ̀. Awọnlẹ̀ wo inú ife tíì rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Akọ̀wé ní òun fẹ́ gun òkè náà. Àǹtí ní orúnkún òun ò sí nínú àdéhùn, ó jókòó ti obìnrin olóúnjẹ. Àwọn méjèèjì lọ. Koríko ga lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà tóóró kan là á kọjá lọ sókè, ilẹ̀ rẹ̀ ti le, ó ti ń dán. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ń gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì lè sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti ń gbọ́ nínú fóònù ló ń fẹ́ aṣọ rẹ̀.

Bí wọ́n ti dé òkè ni fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Bàbá ni.

"Ìyá Mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń pè ọ́. Ṣé ẹ dé láyọ̀?"

"A dé, bàbá."

"Ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ibi tí èèyàn lè gbé ni?"

Akọ̀wé wo ìsàlẹ̀. Àwọn òpó Awọnlẹ̀ tò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kéré jù fún ojú. Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúró gbọnyin.

"Iná ò fi bẹ́ẹ̀ sí, bàbá. Ilé wọn kéré. Eruku pọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Màá padà wá ní Túsìdè. Ẹ bá wa mú ọjọ́ ìgbéyàwó, kó má jìnnà. Kí ẹ sì wá ẹlòmíràn sínú ọ́fíìsì mi."

Ohùn bàbá ti yí padà. "Fún un ní fóònù," ló wí.

Akọ̀wé na fóònù sí Awọnlẹ̀. Awọnlẹ̀ yíjú sí i, omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.